Mo Lọ Kọ Ebè ní Akínyẹlé, Wọ́n Sọ Mí Di Àlejò

Aago méje ku ìṣẹ́jú mọ́kànlá, òwúrọ̀ ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ni mo kúrò ní Erunmu. Àwọn tó wà níbẹ̀ ni Sìdí ọmọ mi, Múfú ọlọ́kadà, àti ewúrẹ́ ará ilé kejì. Sìdí fi ọwọ́ bo ẹnu, mi ò mọ̀ bóyá ẹkún ni tàbí ẹ̀rín. Múfú ń bi mí bóyá mo mọ̀ pé Akínyẹlé jìnnà. Ewúrẹ́ ń jẹ bébà tí mo kọ orúkọ abà tí mò ń lọ sí.

Mo ti mọ orúkọ náà sórí. Mo jẹ́ kó jẹ ẹ́ tán.

Ẹ̀yin ará ilé tẹ́ ẹ ti ń bi mí léèrè láti ìgbà tí mo ti dé, tí mò ń dá yín lóhùn ní ẹyọ ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan, ẹ má bínú. Ẹnu mi kò yá. Ọwọ́ mi yá díẹ̀. Mo ti lé ní ọmọ ogójì ọdún kí n tó ṣe ìdánwò ìwé mẹ́wàá, mo sì ti ń wá ohun tí mo lè fi ìwé náà ṣe láti ìgbà yẹn. Ẹ gbà, ẹ kà á.

Ohun tó gbé mi dé ọ̀hún nìyí. Gbogbo wa la mọ àáró. Èmi á wá bá ọ kọ ebè lónìí, ìwọ á wá bá mi kọ ebè lọ́jọ́ mìíràn, kò sí owó níbẹ̀. Gbogbo wa la sì mọ̀ pé àáró ti fẹ́ẹ̀ tán nílẹ̀, torí àwọn tí à ń bá dá a ti lọ gun ọ̀kadà ní ìgboro. Sìdí, tó ka ìwé kọ̀ǹpútà ní póli, tó sì ń tún fóònù ṣe ní Adégbáyì, ló ní ká gbé àáró sórí ayélujára. Ẹni tó wà ní Lágelú lè rí ẹni tó wà ní Ọ̀nà-Àrà. Wàá kọ orúkọ rẹ, abúlé rẹ, àti iṣẹ́ tó o lè ṣe. Ẹlòmíràn á mú ọ, wàá lọ bá a ṣiṣẹ́ ọjọ́ kan, òun náà á wá san án padà lóko rẹ. Bí iṣẹ́ bá parí, ẹni tí wọ́n ṣe é fún á tẹ ibi tí a kọ "Ó ti ṣe é" sí.

A kò gba ọ́fíìsì. A kò gba òṣìṣẹ́. Sìdí fi ṣọ́ọ̀kì kọ òfin mẹ́ta sára ògiri pálọ̀ mi. Èkíní: má ṣe ohun tí ẹnikẹ́ni kò béèrè. Èkejì: lọ bá ẹni tó ń lò ó sọ̀rọ̀. Ẹ̀kẹta: bí ó bá máa kú, jẹ́ kó tètè kú. Mi ò fẹ́ràn ẹ̀kẹta yẹn. Mo gbé kàlẹ́ńdà kọ́ bò ó.

Lẹ́yìn oṣù méjì, èèyàn mọ́kàndínlógún ti forúkọ sílẹ̀, kò sì sí ẹni tó mú ẹnikẹ́ni. Wọ́n kàn ń wo ara wọn. Ilé iṣẹ́ kan ní Èkó wá pe Sìdí síṣẹ́, wọ́n ní kó fún àwọn lésì kó tó di ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Jímọ̀. Sìdí ní bí ẹyọ àáró kan péré bá parí kó tó di ìgbà yẹn, òun á dúró. Bí kò bá parí, òun á lọ.

Àwa méjèèjì la ṣẹ́kù nínú ilé wa láti ìgbà tí ìyá rẹ̀ ti kú. Mi ò ní í sọ jù bẹ́ẹ̀ lọ lórí ìyẹn.

Ní ọ̀sán ọjọ́ Àìkú, fóònù dún. Ẹnìkan nínú abà kan lẹ́yìn Akínyẹlé ti mú òṣìṣẹ́ kan. Sìdí pariwo, ó fò sókè. Ó tún wò ó. Ó jókòó.

"Bàámi, ẹ̀yin ni wọ́n mú."

Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé. Ọjọ́ tí a ṣí ìkànnì náà, Sìdí ní kò dáa kó ṣófo, kí n kọ orúkọ mi sí i ká fi dán an wò. Mo kọ "Rájí, Erunmu". Níbi iṣẹ́ tí mo lè ṣe, mo kọ "gbogbo rẹ̀". A gbàgbé mi síbẹ̀.

"Ṣé kí n yọ yín kúrò ni?"

"Má yọ mí," ni mo wí.

*Ìyá eládìẹ*

Mi ò ní í fi ọ̀rọ̀ mọ́tò dá yín lágara. Ọ̀kan náà ni gbogbo mọ́tò. Ẹ̀gbẹ́ ẹni tí èèyàn bá jókòó sí ló máa ń yàtọ̀.

Ní Adégbáyì, ìyá kan tó gbé agbọ̀n adìẹ méjì dání wọlé jókòó tì mí, ó gbé wọn lé itan. Adìẹ kan yọrí, ó ń wo ojú mi. Ìyá náà ń wò mí pẹ̀lú.

"Níbo lẹ̀ ń lọ, bàbá?"

"Akínyẹlé."

"Kí lẹ fẹ́ lọ ṣe níbẹ̀?"

"Iṣẹ́."

"Iṣẹ́ wo lẹ̀ ń ṣe?"

Mo ronú díẹ̀. "Mo ní ìkànnì lórí ayélujára."

Ó wo bàtà mi. Ó wo àpò mi, tí mo fi okùn dì. "Kí lẹ̀ ń tà níbẹ̀?"

"Mi ò ta nǹkan kan. Mo ń mú ẹni tó wà níbí mọ ẹni tó wà lọ́hùn-ún."

"Háà! Alárinà ni yín."

"Rárá o."

"Ẹ má tijú. Iṣẹ́ rere ni. Ṣé ẹ níyàwó nílé?"

"Ó ti kú."

"Ọlọ́run á dẹlẹ̀ fún un." Ó ti orí adìẹ padà sínú agbọ̀n. Lẹ́yìn náà ó ní, "Mo ní àbúrò kan."

Ká tó dé Ìwó Road, mo ti mọ ọjọ́ orí àbúrò náà, mo ti mọ̀ pé kì í jẹ ilá, àti pé ọkọ rẹ̀ àkọ́kọ́ kò mọ iyì ohun tó ní. Ká tó dé Mọ́kọ́lá, ìyá náà ti gba fóònù awakọ̀ lọ́wọ́ rẹ̀, ó ti ṣí ìkànnì wa, ó ti kọ orúkọ àbúrò rẹ̀ sí i. Níbi iṣẹ́ tó lè ṣe, ó kọ "ìyàwó ilé".

"Ẹ̀gbọ́n," awakọ̀ ní, "iṣẹ́ yín yìí máa lọ jìnnà o."

Báyìí la ṣe di ogún.

*Dídé mi*

Abà Àgbọn ni wọ́n ń pe ibẹ̀. Mi ò rí igi àgbọn kankan. Mo béèrè. Wọ́n ní ó ti wó.

Ẹni tó mú mi lórí fóònù ń jẹ́ Ògúntọ́lá. Yóò tó bí ọmọ ogójì ọdún, ó fẹ̀ láyà, ó sì ń rìn bí ẹni tí ilẹ̀ jẹ́ tirẹ̀. Ó jáde wá pàdé mi lójú ọ̀nà. Ó wo ẹ̀yìn mi.

"Ẹ kú ìrìn o, bàbá. Ọmọ yín ńkọ́?"

"Ọmọ wo?"

"Rájí. Ẹni tó fẹ́ wá kọ ebè."

"Èmi ni Rájí."

Ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja nínú erùpẹ̀. Ibẹ̀ ni mo ti mọ̀ pé ọ̀ràn ti dé.

Ẹ gbọ́ ìṣe àwọn ará ibẹ̀. Ní Erunmu, bí àlejò bá dé, a óò fún un lómi, a óò bi í léèrè àlàáfíà ilé rẹ̀, lẹ́yìn náà la ó wá wá oúnjẹ. Lọ́dọ̀ tiwọn, iyán ti wà nílẹ̀ kéèyàn tó parí ìkíni. Ìyá Délé, aya Ògúntọ́lá, gbé e wá, ó sì dúró tì mí títí mo fi bu òkèlè àkọ́kọ́. Mi ò ní í purọ́ fún yín. Iyán wọn dán ju tiwa lọ. Ọbẹ̀ wọn kò dà bí tiwa, iyọ̀ rẹ̀ pọ̀, àmọ́ mi ò sọ fún wọn.

Ilé Ògún ni ilé wọn, àwọn baba wọn ló ń rọ irin níbẹ̀ rí. Èmi sì ń kírun. Mo ti ń ronú bí mo ṣe máa bẹ̀ wọ́n fún àyè. Kò dé ibẹ̀. Nígbà tí àkókò ìrun ọ̀sán tó, Ìyá Délé ti gbá abẹ́ igi máńgòrò, ó ti tẹ́ ẹní, ó sì ti pọn omi sínú búta. Mo dojú kọ ibì kan. Ògúntọ́lá wúkọ́.

"Ẹ yí sí ọ̀tún díẹ̀, ẹ̀gbọ́n. Àlejò tó wá lọ́dún tó kọjá fi hàn wá."

Mo wò ó dáadáa. Òótọ́ ló sọ.

Ìyá Àgbà, ìyá Ògúntọ́lá, jókòó sórí àpótí lára ògiri, ó ń yá oòrùn. Ojú rẹ̀ kò ríran dáadáa mọ́, ṣùgbọ́n etí rẹ̀ ń ṣiṣẹ́ nígbà tó bá wù ú. Mo dọ̀bálẹ̀ kí i.

"Ta nìyẹn? Ṣé dókítà ni?"

"Àlejò ni, Ìyá," Ògúntọ́lá dáhùn.

"Àlejò ta ni?"

"Àlejò orí fóònù."

Ìyá Àgbà mi orí. Ó ní òun ti mọ̀ pé bó ṣe máa parí nìyẹn.

Mo pe Ògúntọ́lá sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. "Oko dà?"

"Oko ò lọ síbì kankan, ẹ̀gbọ́n. Ẹ sinmi."

Mo sinmi. Wọ́n tún gbé oúnjẹ wá.

*Ọkọ́*

Ọjọ́rú, mo jí, mo kírun, mo lọ wá ọkọ́. Ẹ̀yìn ilẹ̀kùn la máa ń fi tiwa sí. Kò sí lẹ́yìn ilẹ̀kùn. Mo wo abẹ́ àká. Mo wo ẹ̀yìn ilé ìdáná. Ìyá Délé bá mi níbi tí mo bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ sí.

"Ẹ kú ìdájí o, bàbá. Kí lẹ̀ ń wá?"

"Ọkọ́."

"Ọkọ́ kẹ̀? Ebi ló ń pa yín."

"Ebi ò pa mí."

"Ebi ni. Bí ebi bá ń pa ọkùnrin, á máa wá nǹkan tí kò sọnù. Ẹ jókòó."

Ẹ̀kọ àti mọ́ínmọ́ín ni. Mo jẹ ẹ́. Kí ni kí n ṣe?

Bó ṣe gbé àwo lọ, mo tọ ipa ọ̀nà oko. Mo ń gbọ́ ìró ọkọ́ níwájú, mo sì ń tẹ̀ lé e. Mo bá Ògúntọ́lá àti ìbátan rẹ̀ méjì níbẹ̀ tí wọ́n ń kọ ebè. Ọkọ́ mẹ́rin ló wà níbẹ̀, èèyàn mẹ́ta. Mo ṣírò rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, mo nawọ́ sí ẹ̀kẹrin. Ìbátan kan jókòó lé e lórí.

"Ẹ kú oko o, ẹ̀gbọ́n," ó ní, ó sì gbé ọwọ́ lé itan bí ẹni tó ti jókòó síbẹ̀ láti àná.

Mo kọjú sí Ògúntọ́lá. "Iṣẹ́ ni mo wá ṣe."

"Mo mọ̀, ẹ̀gbọ́n."

"Fún mi lọ́kọ́."

"Èmi? Kí n kó ọkọ́ lé àgbà lọ́wọ́, àlejò tó sùn sílé mi, kí gbogbo Akínyẹlé wá gbọ́ ọ?"

"Ìwọ lo mú mi lórí fóònù."

"Fóònù ò sọ fún mi pé ẹ ní ewú lórí."

"O ò béèrè."

"Mo wá ibi tí mo ti lè béèrè, ẹ̀gbọ́n. Kò sí. Ẹ kọ 'gbogbo rẹ̀' síbẹ̀. Mo wí lọ́kàn mi pé, irú ọ̀dọ́kùnrin wo nìyí? Ìdí tí mo fi fi gbogbo àwọn tó kù sílẹ̀ nìyẹn."

Ọ̀rọ̀ yìí wọ̀ mí lára. Mo yọ ìwé kékeré mi, mo kọ ọ́ sílẹ̀: kò sí ibi ọjọ́ orí. Sìdí ló ní ká má fi ìbéèrè púpọ̀ lé èèyàn sá.

"Kò burú," mo ní. "Tẹ̀ ẹ́ pé mo ti ṣe é, kí n máa lọ."

"Ẹ ò tíì ṣe é."

"Jẹ́ kí n ṣe é."

"Àlejò ni yín."

"Tẹ̀ ẹ́ báyẹn."

"Kí n purọ́? Ilé Ògún ni wọ́n bí mi sí, ẹ̀gbọ́n. Fóònù yìí gan-an, irin wà nínú ẹ̀."

A yí ọ̀rọ̀ yẹn po lẹ́ẹ̀mẹ́ta. Lẹ́yìn náà wọ́n sun iṣu, wọ́n fi epo sí i, wọ́n sì gbé mi sábẹ́ igi ọsàn kí oòrùn má pa mí.

Ní ọ̀sán, Ìyá Délé fa adìẹ kan wá pẹ̀lú ọ̀bẹ. Ó kúnlẹ̀. "A ò mọ bí ẹ̀yin Mùsùlùmí ṣe ń ṣe é. Ẹ bá wa pa á, kẹ́ ẹ lè jẹ ẹ́." Mo pa adìẹ. Èrò kan sọ sí mi lọ́kàn. Mo sáré lọ bá Ògúntọ́lá tó ń fọwọ́.

"Mo ti ṣiṣẹ́. Mo pa adìẹ. Tẹ̀ ẹ́."

Ó rò ó dáadáa, mo rí i pé ó fẹ́ ràn mí lọ́wọ́. "Ẹ̀gbọ́n, ebè la kọ síbẹ̀. A ò kọ adìẹ."

Ibì kan ṣoṣo tí nẹ́tíwọ́ọ̀kì ń dé ní Abà Àgbọn ni orí ọ̀gán ńlá kan lẹ́yìn oko wọn. Mo gùn ún, mo pe Sìdí.

"Bàámi! Ṣé ó ti tẹ̀ ẹ́?"

"Kò tíì."

"Kí ló dé? Ṣé wọ́n lé yín ni?"

"Wọ́n ń fún mi lóúnjẹ."

"Kí lẹ jẹ?"

"Iyán. Ẹ̀kọ. Mọ́ínmọ́ín. Iṣu sísun. Adìẹ wà lórí iná."

"Bàámi, ọ̀la ni Ọjọ́bọ̀."

"Mo mọ̀."

"Àwọn ará Èkó tún pè láàárọ̀ yìí. Wọ́n ní yàrá wà fún mi."

"Mo gbọ́."

Lẹ́yìn tó gé e, mo ṣì dúró lórí ọ̀gán náà fúngbà díẹ̀. Kò sí ohun tí mò ń wò. Àwọn ikán ń gun ẹsẹ̀ mi. Mo sọ̀ kalẹ̀ lọ jẹ adìẹ.

*Ìyá Àgbà*

Ẹ jẹ́ kí n sọ bó ṣe rí láti jẹ́ àjèjì. Kì í ṣe pé wọ́n ń ṣe yín níkà. Wọ́n ń ṣe yín dáadáa títí ẹ ò fi ní í wúlò. Ní òwúrọ̀ Ọjọ́bọ̀, àwọn ará ilé tó yí wọn ká ti gbọ́ pé bàbá kan láti Erunmu wà níbẹ̀ tó ń bínú nítorí ọkọ́. Wọ́n wá wò mí. Wọ́n jókòó, wọ́n ń wò mí bí mo ṣe ń jẹ ọ̀jọ̀jọ̀. Bí mo bá mú ẹyọ kan, ẹnìkan á ní, "Ó tún mú òmíràn."

Ìyá Àgbà ti jáde síta, ó wà lórí àpótí rẹ̀. Ó yí etí sí ọ̀dọ̀ mi.

"Ọkùnrin yìí ṣì wà níbí?"

"Àlejò ni, Ìyá," Ìyá Délé ní.

"Mo mọ̀ pé àlejò ni. Láti ìjẹta ni mo ti ń gbọ́ ẹnu ẹ̀. Jíjẹ nìkan ni mò ń gbọ́. Ṣé kò lọ́wọ́ ni?"

"Ìyá!" Ògúntọ́lá ti dìde dúró.

"Ẹ má pe 'Ìyá' lé mi lórí. Ọmọ ọdún mélòó ni?"

"Márùndínlọ́gọ́ta, Ìyá," èmi fúnra mi dáhùn.

"Ọmọdé! Nígbà tí Bàbá Ògúntọ́lá dàgbà jù ọ́ lọ pàápàá, ó ṣì ń kọ igba ebè kí oòrùn tó mú. Níbo lo ti wá?"

"Erunmu."

"Ẹn-ẹ́n. Mo mọ̀ wọ́n. Ọ̀lẹ ni gbogbo wọn. Ọ̀lẹ, alájẹkì!"

Ìyá Délé fi ọwọ́ lérí. Ògúntọ́lá ń wá ibi tó máa wọlẹ̀ sí.

Ẹ̀yin ará Erunmu, ẹ foríjì mí. Inú mi dùn. Mo lọ dọ̀bálẹ̀ níwájú ìyá náà.

"Ẹ ṣeun, Ìyá. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ tún un sọ."

"Ọ̀lẹ!"

Lọ́dọ̀ wọn, bó ṣe rí lọ́dọ̀ wa, wọn kì í bú àlejò. Ará ilé ni wọ́n ń bú. Mo dìde, mo kọjú sí Ògúntọ́lá. "O gbọ́ ohun tí ìyá wa sọ?"

Mo rí i pé ó ń rò ó. Mo rí i tó yé e. Ojú rẹ̀ là bí ẹni tí wọ́n sọ ẹrù kalẹ̀ fún.

"Ìyá ti bú yín," ó ní.

"Ó bú mi dáadáa."

"Ó bú yín níwájú èèyàn."

"Ẹ ń dúró wo kí ni?" Ìyá Àgbà kígbe. "Ẹ fún un lọ́kọ́!"

Abẹ́ ibùsùn rẹ̀ gan-an ni wọ́n kó gbogbo ọkọ́ tó wà nílé pamọ́ sí.

*Ìrọ̀rí*

Ẹni tí kò bá tíì ṣiṣẹ́ lóko ẹlòmíràn kò mọ bí oko ṣe ń sọ èdè ọ̀tọ̀. Ebè tiwa fẹ̀, ó sì rẹlẹ̀. Tiwọn ga, ó sì ṣe ṣónṣó. Mo kọ mẹ́ta bí wọ́n ṣe kọ́ mi láti kékeré. Àwọn ìbátan méjèèjì dúró.

"Ẹ̀gbọ́n, ṣé ebè ni àbí ìrọ̀rí?"

"Ìrọ̀rí ni," ìkejì dáhùn. "Ẹ ò rí i? Iṣu tẹ́ ẹ bá gbìn síbẹ̀, oorun ló máa sùn."

"Ẹ bá a wá aṣọ tó máa fi bò ó."

Bí wọ́n ṣe ń pè mí ní Bàbá Onírọ̀rí nìyẹn títí mo fi kúrò. Láti ìgbà tí Ìyá Àgbà ti ṣí ọ̀nà, kò sí ẹni tó tún dá mi sí. Ògúntọ́lá, tó dọ̀bálẹ̀ fún mi ní ìjẹta, ní kí n yára ọwọ́, pé òun ti rí ìgbín tó ń kọ ebè jù mí lọ. Kò sì sẹ́ni tó gbé oúnjẹ wá fún mi. Ebi pa mí gan-an. Mi ò rántí ìgbà tí ebi ti dùn mọ́ mi tó bẹ́ẹ̀.

Ẹ̀yìn mi kò gbọ́ tèmi mọ́ nígbà tí oòrùn rọlẹ̀. Ọgọ́ta ebè ni mo kọ. Wọ́n lọ ròyìn fún Ìyá Àgbà.

"Mélòó?"

"Ọgọ́ta, Ìyá."

"Ọ̀lẹ," ó ní, ó sì ní kí wọ́n bu ẹran kún tèmi.

Gbogbo ilé ló tẹ̀ lé wa dé ẹsẹ̀ ọ̀gán. Ògúntọ́lá gùn ún, ó nu ìka rẹ̀ sára ṣòkòtò, ó tẹ̀ ẹ́. Nǹkan roboto kan ń yí lójú fóònù. Ó ń yí. Mo wo ìsàlẹ̀. Ìbátan kan ní kó gbé e sókè. Ìkejì ní kó yí i sí ọ̀nà ìgboro. Ìyá Délé ní kí gbogbo wa dákẹ́, bí ẹni pé ariwo wa ló ń dí i lọ́nà. A dákẹ́. Ó ṣì ń yí.

"Ó ti lọ!" Ògúntọ́lá ké.

Wọ́n hó yèè. Fóònù mi dún lọ́wọ́ mi. Sìdí ló kọ̀wé. Ọ̀rọ̀ kan péré ló kọ: "Bàámi." Kò kọ nǹkan mìíràn sí i.

Èèyàn mẹ́fà lára wọn forúkọ sílẹ̀ lórí ọ̀gán náà kí n tó sọ̀ kalẹ̀. Ìyá Àgbà gbọ́, ó ní kí wọ́n kọ òun náà sí i. Ògúntọ́lá bi í pé iṣẹ́ wo ni kí òun kọ pé ó lè ṣe. Kò ronú rárá.

"Èébú," ó ní.

Ògúntọ́lá kọ ọ́ bẹ́ẹ̀.

*Ilé*

Mo wọlé lẹ́yìn ìrun Jímọ̀. Sìdí jókòó sídìí kọ̀ǹpútà rẹ̀ ní pálọ̀.

"Ẹ káàbọ̀, Bàámi. Ẹ̀yìn yín ńkọ́?"

"Ó wà."

"Mo rí ẹnìkan tó forúkọ sílẹ̀ fún èébú."

Mo ṣàlàyé. Mo lo ọ̀rọ̀ púpọ̀, fún èmi. Ó rẹ́rìn-ín títí ó fi gbé orí lé tábìlì. Lẹ́yìn náà ó gbórí sókè, kò rẹ́rìn-ín mọ́.

"Bàámi, ohun tó ń ṣe wọ́n nìyẹn. Lónìí, mo pe mẹ́jọ lára àwọn tó kọ́kọ́ forúkọ sílẹ̀. Ohun kan náà ni gbogbo wọn ń sọ. Bí òṣìṣẹ́ bá ti ọ̀nà jíjìn wá, àlejò ló jẹ́, wọn ò lè ran àlejò níṣẹ́. Wọ́n rò pé àwọn kàn máa náwó oúnjẹ lásán ni."

Ó yí padà sídìí kọ̀ǹpútà. Ó fi ìbéèrè tuntun méjì sí i. Èkíní: ọjọ́ orí. Èkejì, bó ṣe kọ ọ́ gan-an nìyí: "Ta ni àgbà obìnrin ilé yín tó lè bú ẹni tó bá wá?" Ẹni tí kò bá ní irú àgbà bẹ́ẹ̀ kò lè mú òṣìṣẹ́. Ó fi ránṣẹ́ sí gbogbo wọn. Kí n tó bọ́ bàtà tán, ẹnìkan ní Lágelú ti mú ẹnìkan ní Ọ̀nà-Àrà. "Ìyá ọkọ mi" ló kọ síbi ìbéèrè kejì.

Aago mẹ́rin kọjá díẹ̀ ni àwọn ará Èkó pè. Sìdí gbé fóònù lọ síta. Mo gbọ́ ohùn rẹ̀, mi ò gbọ́ ohun tó ń sọ. Mo di àga mú. Ó padà wọlé.

"Mo ti dá wọn lóhùn."

"Kí lo sọ?"

"Pé mi ò wá mọ́. Iṣẹ́ ti wà nílẹ̀ níbí."

"Ó dáa," ni mo wí. Mo lọ sẹ́yìn ilé lọ bọ́jú. Ojú mi kò dọ̀tí.

Nígbà tí mo wọlé, ó ń wò mí pẹ̀lú ojú ẹni tó ti rí ìṣòro mìíràn. "Bàámi, Ògúntọ́lá ń bọ̀ lọ́jọ́ Ajé láti wá san àáró tiẹ̀ padà. Ta ló máa bú u nílé wa?"

A wo ara wa. Èmi kò mọ èébú bú. Òun kéré jù.

*Òwúrọ̀ ọjọ́ kejì*

Mo kírun tán, mo lọ sọ́dọ̀ Ìyá Sàláwà, ẹ̀gbọ́n bàbá mi obìnrin, tó ń dá gbé lápá ìsàlẹ̀ ìlú. Ó ti lé ní ọgọ́rin ọdún. Ó ń bó ẹ̀pà.

"Ẹ jọ̀ọ́, ẹ wá bá wa gbé fún ọjọ́ díẹ̀," mo ní. "Àlejò kan ń bọ̀ láti Akínyẹlé. Ẹ bá wa bú u."

"Kí ló ṣe?"

"Kò tíì ṣe nǹkan kan."

"Ṣé ó burẹ́wà ni?"

"Rárá. Èèyàn dáadáa ni."

Ó gbé ẹ̀pà sílẹ̀, ó rò ó. "Kò ní í rọrùn, Rájí. Ó pẹ́ tí mo ti bú èèyàn kẹ́yìn, ẹnu mi ti kújú. Jẹ́ kí n kọ́kọ́ fi ọ́ dán an wò. Ìgbà wo lo wá kí mi gbẹ̀yìn?"

Mo sọ fún un.

Ó bẹ̀rẹ̀. Mo jókòó sílẹ̀ níwájú rẹ̀, mo ń bá a bó ẹ̀pà, mo sì gbọ́ gbogbo rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀. Nígbà tó tó àkókò láti máa lọ, mo gbé ẹrù rẹ̀ lé orí, ó di apá mi mú, a jọ gba àárín ìlú kọjá lọ sílé, èébú rẹ̀ kò sì tíì dé ìdajì.